Ìwọ̀n Ọ̀rọ̀ Alákòóso ní Ìgbà Ìpọ́njú: Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gágun Gowon fi Parí Ogun ní Ọdún 1970

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í sì í yọ ọfà lápó. Òwe yìí kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa bí a ó ti mọ ọ̀rọ̀ rere yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ dídùn. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì. Kò sì sí ibi tí ìyàtọ̀ náà gbé ń hàn ju ẹnu alákòóso lọ, ní ọjọ́ tí ìlú bá dàrú tí gbogbo ènìyàn sì dẹtí sílẹ̀ láti gbọ́ ohun tí yóò wí. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ dídùn kì í ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó sì di ẹrù rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti sá kúrò.

Nínú ìwé yìí a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kan sí orí ìwọ̀n. Òun ni èyí tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, sọ ní Èkó ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé parí. Ìdí mẹ́ta ni ó mú wa yàn án. Èkíní, kò sí ìpọ́njú tí ó tí ì bá orílẹ̀-èdè yìí tí ó tó ti ogun náà. Èkejì, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti sọ ọ́, nítorí náà a lè rí èso rẹ̀, kì í ṣe òdòdó rẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta, èso náà wà ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́, ní Ìba àti ní Òkokomáíkò, níbi tí àwọn Àwórì onílẹ̀ àti àwọn ará Ìgbò gbé ń gbé ní àdúgbò kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ Gowon di òtítọ́ tàbí ó di ìtàn lásán, kí ó lọ wo àwọn ìlú wọ̀nyí.

BÍ Ọ̀RÀN TI RÍ KÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TÓ WÁYÉ

Ní oṣù Kìíní ọdún 1966 àwọn ọmọ ogun kan pa Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, àti àwọn aṣáájú mìíràn, ìjọba sì bọ́ sí ọwọ́ Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi. Ní òpin oṣù Keje ọdún kan náà àwọn ọmọ ogun mìíràn tún dìde, wọ́n mú Ironsi ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa á pẹ̀lú Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ìwọ̀-oòrùn, ẹni tí ó gbà á ní àlejò. Gowon di olórí. Ní ọdún yẹn kan náà a pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ìgbò ní apá àríwá, àwọn tí ó kù sì sá padà sí ìlú wọn pẹ̀lú ìdí ẹrù tí wọ́n lè gbé.

Ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn olórí ológun pàdé ní Aburi, ní orílẹ̀-èdè Ghana. Wọ́n bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n sì túká bí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé, ìtumọ̀ tí Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu fún ìpinnu náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún un ní Èkó. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá ni: ọ̀rọ̀ ìlàjà tí ó gba ìtumọ̀ méjì kò tí ì parí ìjà, ó kàn sún un síwájú ni.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Gowon sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ó sì pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ó mú Ọ̀jọ́, Ìba, Òkokomáíkò àti gbogbo ẹkùn Àgbádárìgì jáde kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, tí ó sì fi wọ́n sínú Ìpínlẹ̀ Èkó titun. Nípa bẹ́ẹ̀ àwọn ìlú etí ọ̀sà wọ̀nyí di ti Èkó nínú ìjì kan náà tí ó ń fà Nàìjíríà ya. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 30, Ojukwu kéde Biafra. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ogun bẹ̀rẹ̀.

Ogbọ̀n oṣù ni wọ́n fi jà. Iye àwọn tí ó kú kò ṣe é kà dáadáa, àwọn tí wọ́n ṣírò rẹ̀ kò sì fi ẹnu kò. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ebi pa ju ìbọn lọ, àti pé àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ebi pa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970 agbára Biafra tán. Ojukwu fò lọ sí Ivory Coast, ó sì fi àṣẹ sílẹ̀ fún Ọ̀gágun Philip Effiong. Ní ọjọ́ 12, Effiong sọ lórí afẹ́fẹ́ pé kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dá ìjà dúró. Ní ọjọ́ 15, òun àti Sir Louis Mbanefo, tí ó jẹ́ adájọ́ àgbà Biafra, pẹ̀lú àwọn mìíràn wá sí Dodan Barracks ní Ìkòyí. Níbẹ̀ ni Effiong ti sọ pé ọmọ Nàìjíríà tòótọ́ ni àwọn, pé àwọn gba àṣẹ ìjọba àpapọ̀, àti pé Biafra kò sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ Gowon ni ó tẹ̀ lé e.

OHUN TÍ Ó WÍ

Ẹni ọdún 35 ni Gowon nígbà náà. Ohun tí ó wí pọ̀, a ó sì kó kókó rẹ̀ jọ ní èdè tiwa. Ó wí pé òòrùn tí Biafra fi ṣe àmì rẹ̀ ti wọ̀ títí láé. Ó wí pé àsìkò ìwà ipá ti kọjá, ilẹ̀ ìlàjà sì ń mọ́ bọ̀. Ó bu ọlá fún àwọn tí ó kú ní ìhà méjèèjì, àti fún àwọn aláìṣẹ̀ ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tí kì í ṣe ojú ogun ni wọ́n kú sí. Ó tún ìlérí ìdáríjì ṣe fún gbogbo àwọn tí a tàn wọ inú ọ̀tẹ̀ náà. Ó wí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá ti ń jáde láti ibi tí wọ́n fara pamọ́ sí. Ó ṣe ìlérí ààbò fún ẹ̀mí àti ohun ìní gbogbo ènìyàn ní gbogbo apá Nàìjíríà. Ó sì fi kún un pé ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti gbé, kí ó sì ṣiṣẹ́, níbikíbi tí ó bá yàn, àti pé kò sí ọmọ ìlú ẹlẹ́ẹ̀kejì ní orílẹ̀-èdè náà.

Gbólóhùn tí ó mọ́ orúkọ rẹ̀ jùlọ láti ìgbà náà ni pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Òun ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń há sórí. Ṣùgbọ́n ní tiwa, a kò rò pé òun ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn dídùn ni, kò sì sí ẹni tí ó lè mú ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn ìlérí tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ ni ọkàn rẹ̀ wà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Etí ta ni ó ń gbọ́? Kí ni olùsọ̀rọ̀ fi de ara rẹ̀? Kí ni a ṣe nígbà tí ilẹ̀ mọ́?

ETÍ TA NI Ó Ń GBỌ́?

Alákòóso tí ó ń sọ̀rọ̀ ní òpin ogun kì í bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Etí mẹ́ta ni ó ń gbọ́ Gowon ní ọjọ́ náà, ohun tí etí kọ̀ọ̀kan sì ń retí yàtọ̀.

Etí èkíní ni ti àwọn tí a ṣẹ́gun. Ìbẹ̀rù wọn ni pé bí àwọn bá jọ̀wọ́ ara wọn, a ó pa àwọn run. Ohun tí a ti ń sọ fún wọn jálẹ̀ ogun náà nìyẹn, ohun tí ojú wọn sì rí ní ọdún 1966 kò jẹ́ kí wọ́n kà á sí irọ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ó ní láti ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí ogun Biafra lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa àwọn òkú ìhà méjèèjì, kí ó sì mọ̀ pé a ka ọmọ òun mọ́ ènìyàn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìtàn kún fún àwọn aṣẹ́gun tí kò jẹ́ kí a sọkún fún òkú ọ̀tá.

Etí kejì ni ti àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ àti ìdílé wọn. Àwọn náà ti sin òkú. Bí olórí bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó yàtọ̀ láàrin ìhà méjèèjì, wọn yóò bi í léèrè pé, kí ni a kú fún? Nítorí wọn ni ó ṣe pe ọ̀ràn náà ní ọ̀tẹ̀, tí ó sì wí pé òòrùn Biafra ti wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí korò létí àwọn ará Ìgbò, ó sì korò di òní. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni Gowon lò. Bí ó bá ti lo ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó di ìbọn mú má tẹ̀ lé e.

Etí kẹta ni ti àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè. Tanzania, Gabon, Ivory Coast àti Zambia ti gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1968. Faransé ti ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé oúnjẹ lọ sí Uli ní òru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń retí pé ìpakúpa yóò tẹ̀ lé ìṣẹ́gun. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí wọn, ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní ọjọ́ náà, ní Èkó kan náà, orílẹ̀-èdè 15 fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ ìṣòwò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a ń pè ní ECOWAS. Ivory Coast, tí ó gba Biafra tí ó sì fún Ojukwu ní ibi ìsádi, wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá mú kí alátìlẹ́yìn ọ̀tá rẹ̀ wá fi ọwọ́ sí ìwé nínú ilé rẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

KÍ NI Ó FI DE ARA RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ alákòóso pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan wà tí a kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ̀, bí “ìfẹ́ yóò jọba” tàbí “ẹ jẹ́ kí a gbàgbé ohun tí ó kọjá.” Èkejì ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè dìde lọ́la kí ó wí pé: ìwọ ni o sọ báyìí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ó níye lórí, nítorí pé ó fi okùn lé ọwọ́ olùgbọ́.

Ẹnu Gowon kan náà fi èyí hàn wá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1970 ó ṣe ìlérí pé òun yóò gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1974 ó wí pé ọdún náà kò ṣeé ṣe mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975 àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo ni ó mú un ṣubú, ṣùgbọ́n ìlérí tí ó ní ọjọ́ tí a sì yẹ̀ wà nínú wọn. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ oṣù Kìíní ọdún 1970, ìlérí mẹ́rin wà tí ó jẹ́ irú èyí tí a lè wọ̀n: ìlérí ẹ̀mí, ìlérí iṣẹ́, ìlérí ohun ìní, àti ìlérí ibùgbé. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

KÍ NI A ṢE NÍGBÀ TÍ ILẸ̀ MỌ́?

Ìlérí ẹ̀mí ṣẹ. Ìpakúpa tí ayé ń retí kò wáyé. A kò dá olórí Biafra kan lẹ́jọ́ ikú. Ojukwu fúnra rẹ̀ rí ìdáríjì gbà ní ọdún 1982 lọ́wọ́ Ààrẹ Shehu Shagari, ó sì padà wálé. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1979, ará Ìgbò kan, Ọ̀mọ̀wé Alex Ekwueme, ti di Igbákejì Ààrẹ. Bí a bá rántí bí ogun abẹ́lé ti ń parí ní ilẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú igi ìyẹgi àti ìgbèkùn, a kò lè ṣàì fi ìyìn fún èyí. Àwọn Yorùbá ń wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a tún ṣọ̀rẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti ojú ogun bọ̀, wọ́n sì tún jókòó sí ìgbìmọ̀ kan.

Ìlérí iṣẹ́ ṣẹ ní apá kan. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba padà sí ẹnu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bá ipò wọn. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun tí ó jà fún Biafra ni a lé kúrò láìsí owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yí ìlékúrò wọn padà sí ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ti kú kí ó tó di ìgbà náà.

Ìlérí ohun ìní ni ó yẹ̀ jùlọ. Ní Port Harcourt, nínú ìpínlẹ̀ Rivers tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, àwọn ilé tí àwọn ará Ìgbò fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sá ni a pè ní “ohun ìní tí a kọ̀ sílẹ̀”, a sì fi wọ́n fún ẹlòmíràn. Ta ni ó kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tí ó sá fún ikú kò kọ ilé rẹ̀. Orúkọ náà gan-an ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu onílé.

Ní ti owó, ẹni tí ó kó owó Biafra wá sí ilé ìfowópamọ́, iye yòówù kí ó jẹ́, £20 ni a fún un. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò náà sọ pé owó Biafra kò ní iye, àti pé ogun ti da ìwé àwọn ilé ìfowópamọ́ rú. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó ń bójú tó ìṣúná ìjọba nígbà náà, kò sì yẹ kí àwa tí a jẹ́ Yorùbá fò ó dá nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn yìí. Ètò náà lè ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ṣáájú ogun tí ó sì gba £20 kò rí ara rẹ̀ bí ẹni tí a kò ṣẹ́gun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọdún 1972, òfin jáde pé kí àwọn àjèjì ta púpọ̀ nínú iléeṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ ni ó rà. Àwọn tí ogun gba owó wọn dúró lóde.

Ìlérí kẹrin ni ìlérí ibùgbé, òun ni ó sì mú wa dé ọ̀nà Àgbádárìgì.

ỌNÀ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Nígbà tí ogun parí, àwọn ará Ìgbò bẹ̀rẹ̀ sí padà sí Èkó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́rìí sí ni pé Èkó kò ṣe bí Port Harcourt: ọ̀pọ̀ onílé bá ilé wọn, àwọn mìíràn sì bá owó ilé tí a gbà pa mọ́ dè wọ́n. Ọ̀gágun Mobọ́lájí Johnson ni gómìnà nígbà náà, àwọn ará Ìgbò sì ń fi ìyìn fún un nítorí rẹ̀.

Àwọn tí kò ní ilé tẹ́lẹ̀ wá ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ṣófo pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, ní ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ní ọdún 1977 a ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà ńlá sí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sì di ibi tí àwọn oníṣòwò ohun èlò ọkọ̀ kún. Ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ di ibi tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń wá ra rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ iná. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ọjà náà jẹ́ ará Ìgbò, ilẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ ọ sí jẹ́ ilẹ̀ Ọ̀jọ́. Ní ọdún 1983 ìjọba Èkó dá yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, Òkokomáíkò àti Ìba sì kún fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti oníṣòwò láti ìhà gbogbo: Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìjẹ̀bú, Ìgbò, Haúsá.

A kò wí pé ọ̀rọ̀ Gowon nìkan ni ó kọ́ gbogbo èyí. Òwò, iṣẹ́ àṣekára àti ilẹ̀ tí àwọn Àwórì tà ni ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀san, ọmọ Ìgbò wo ni ì bá kó owó tí ó fi òógùn kó jọ sínú ilé ní Òkokomáíkò? Ẹni tí kò dá a lójú pé ilé òun yóò jẹ́ ti òun lọ́la kì í fi bíríkì kọ́lé.

Síbẹ̀ ìlérí yìí kò tí ì parí. Ní àkókò ìdìbò gómìnà ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, ohùn dìde ní àwọn apá kan Èkó pé kí àwọn tí ó jẹ́ Ìgbò jókòó sí ilé wọn. A dí ọ̀nà mọ́ àwọn kan nítorí orúkọ wọn tàbí ojú wọn. Àwọn kan tí a lé sì jẹ́ Yorùbá tí a kàn rò pé Ìgbò ni wọ́n. Ìlérí ibùgbé ti ọdún 1970 kò sọ pé kí ènìyàn gbé, kí ó ṣòwò, kí ó san owó orí, ṣùgbọ́n kí ó má dìbò. Ó sọ pé kò sí ọmọ ìlú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òtítọ́ ni pé àwọn Àwórì pẹ̀lú ní ẹ̀rù tiwọn: wọ́n ń wo ilẹ̀ baba wọn tí ó ń tán, wọ́n sì ń bi ara wọn pé ta ni yóò rántí orúkọ ìlú wọn. Ẹ̀rù yìí yẹ fún ọ̀wọ̀ àti ìdáhùn. Ìhàlẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ ÌTÀN WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn ìlérí ohun ìní yìí jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a rántí ogun Kírìjì. Ní ọdún 1886, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti ń jà, Gómìnà Èkó rán Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips lọ láti là wọ́n. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú sùúrù ńlá, àwọn ọba àti àwọn balógun sì gba ìwé àdéhùn. Ìwé náà fún àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ ní òmìnira wọn. Apá yẹn dúró.

Ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ wí pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kó kúrò ní ibi tí wọ́n wà lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Wọn kò fẹ́ lọ, ọ̀ràn ilé àti oko wọn kò sì rí ojútùú. Ọdún 1909 ni a tó tú ìlú náà, wọ́n sì tún padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1981 àti ní ọdún 1997, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ìwé kan náà ni; àwọn ènìyàn rere kan náà ni ó gbé e. Ibi tí ó ti dáhùn ìbéèrè tòótọ́, àlàáfíà wà. Ibi tí ó ti fi ọ̀ràn ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ láìparí, ọmọ-ọmọ àwọn tí ó fọwọ́ sí i ni ó san gbèsè rẹ̀.

ÌDÁJỌ́ WA

Ní tiwa, a gbà pé ọ̀rọ̀ Gowon ti ọdún 1970 wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó dára jùlọ tí alákòóso Nàìjíríà tí ì sọ ní ìgbà ìpọ́njú. Kì í ṣe nítorí dídùn rẹ̀. Ó dára nítorí pé ó bá etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ láìpa irọ́ fún ọ̀kan, àti nítorí pé ó ṣe ìlérí tí a lè fi mú un. Àwọn tí ń ṣàròyé nípa £20 àti ilé Port Harcourt di òní kò nílò láti wá òfin ibòmíràn láti fi dá ìjọba náà lẹ́bi; ọ̀rọ̀ ìjọba náà fúnra rẹ̀ ti tó fún wọn. A rò pé ìyìn tí ó ga jùlọ fún ọ̀rọ̀ alákòóso ni pé kí ẹni tí a ṣẹ̀ lè dúró lórí rẹ̀ láti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé olùsọ̀rọ̀ kò wá ọwọ́ tí yóò mú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ìlérí ẹ̀mí wà ní ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Ó sì ṣẹ. Ìlérí ohun ìní wà ní ọwọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ àti àwọn tí ó ti wọ inú ilé onílé. Kò sì lé wọn. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí alákòóso ń sọ̀rọ̀ ìlàjà ní ìgbà rúdurùdu, ẹ má ṣe bèèrè pé ó dùn tàbí kò dùn nìkan. Ẹ bèèrè pé: ta ni a ó rán, ní ọjọ́ wo, pẹ̀lú àṣẹ wo?

Ní ti ìlérí ibùgbé, kì í ṣe ọwọ́ alákòóso nìkan ni ó wà. Onílẹ̀ tí ó ta ilẹ̀ ní Ìba tí kò sì tún un tà fún ẹlòmíràn ń mú un ṣẹ. Ará Ìgbò tí ó ń kí Ọlọ́jọ́ bí ó ti yẹ kí a kí ọba onílẹ̀ ń mú un ṣẹ. Olùkọ́ ní Òkokomáíkò tí kò jẹ́ kí a fi ẹ̀yà bú ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀ ń mú un ṣẹ. Ìdìbò mìíràn yóò sì dé. Ní ọjọ́ náà ni a ó tún mọ iye tí ọ̀rọ̀ ọdún 1970 wọ̀n, kì í ṣe ní Dodan Barracks, bí kò ṣe ní ibi tí àwọn aládùúgbò gbé ń tò láti dìbò ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì.